Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ìdáàbòbò igbó fáwọn àgbẹ̀ kòkó ní Igbó Omo: kí ni kí n bá wọn sọ?

TíṣàBàọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé kan tí kò jìnnà sí ibùdó tí wọ́n ń pè ní J4, nínú Igbó Omo níbí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá ṣe àsọyé lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní kíláàsì mi ló sọ orúkọ mi fún wọn.

Mo ti kọ díẹ̀ sílẹ̀: pé ọdún 1925 ni ibẹ̀ ti di igbó ọba, pé lọ́dún 1946 wọ́n ya hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ láàrin rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, pé UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé lọ́dún 1977, pé erin inú igbó, èyí tó kéré sí ti pápá, wà lára àwọn ẹranko tí wọ́n kéde lọ́dún 2021 pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n run, àti pé díẹ̀ nínú wọn ṣì ń gbé nínú igbó yìí.

Ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá gbé ẹ̀rọ àwòrán dání. Jẹnẹrétọ̀ kú sáàrin ọ̀rọ̀, wọ́n pín fìlà, wọ́n pín ráìsì, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Alága ẹgbẹ́ kò fi bò fún mi: àwọn ò fẹ́ irú ìyẹn mọ́. Àgbẹ̀ kòkó ló máa pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn wọn ni àwọn onígẹdú, àwọn ọdẹ, àtàwọn ìyá tó ń já ewé. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n bá wọn sọ?

Aṣọ́gbóTẹ́lẹ̀

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ aṣọ́gbó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ apá ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Ẹ má fi 1925 ṣí ọ̀rọ̀ yín. Lójú yín, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo igbó ni. Lójú ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ ń dẹ pàkúté níbẹ̀, ọdún tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Ẹ sì máa rántí pé ìjọba fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gé igbó náà jù. Láàrin ọdún 1970 sí 1990, wọ́n ṣá igi abínibí lulẹ̀ lọ rẹrẹ, wọ́n gbin igi mẹ̀láínà rọ́pò, wọ́n ní ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n ń kọ́ sí Ìwòpin ni yóò máa lò ó. Ẹ lọ wo Ìwòpin lónìí kí ẹ wá ròyìn fún mi.

Nígbà tí igi wọ̀nyẹn ṣì kéré, àwa náà la máa ń pín ilẹ̀ fún àgbẹ̀. Wọ́n á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàrin igi, wọ́n á máa bá wa ro igi ìjọba mọ́ tiwọn. Bí igi bá ti ń ṣíji bo ilẹ̀, wọ́n á kó lọ síbòmíràn. Tọ́ńgíyà là ń pè é. Àwọn kan kó lọ lóòótọ́. Àwọn kan dúró, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ máa bá jókòó lọ́jọ́ náà, ìjọba ló fọwọ́ fà wọ́n wọ igbó tàbí tó fa bàbá wọn. Bí ẹ bá pè wọ́n ní ajagungbalẹ̀ lọ́nàkọnà, bó ti wù kí ẹ fi oyin sí i tó, ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà.

ÀgbẹKòkó_Ondo

Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ délé.

Èmi náà ń dáko kòkó létí igbó ọba mìíràn ní ìpínlẹ̀ Ondo, mo sì ti jókòó síbi àsọyé báyìí láìmọye ìgbà. "Ẹ má gégi. Ẹ má dẹ̀gbẹ́. Ẹ má sungbó." Ohun tí a ò gbọdọ̀ ṣe ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Wọn kì í bá wa sọ ohun tí a máa jẹ. Lọ́dún 2024, kòkó kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé. Àwọn ọmọ tó ń gun ọ̀kadà ní Àkúrẹ́ sọ ọ̀kadà sílẹ̀, wọ́n ń béèrè ilẹ̀. Tíṣà á wá dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, á ní UNESCO ló sọ pé kó má wọgbó?

Ti erin ńkọ́? Ẹ̀yin ará ìlú ńlá fẹ́ràn erin nínú fóònù. Oko àna mi tó wà lápá J4 yẹn ni erin wọ̀ lóru, gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ń retí láti fi san owó ilé ìwé ni wọ́n tẹ̀ pa. Ó lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́. Wọn ò tíì dá a lóhùn.

Ẹ̀fúùfùLẹ̀kí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, àánú yìí ti ń pọ̀ jù lójú mi. Igbó ọba ni igbó ọba. Èmi máa ń lọ síbi àsọyé ọdọọdún tí Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ń ṣe ní ìrántí Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1980. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í rú ni lójú: bí igbó bá tán, òjò á yí padà, omi á wọlé, ẹranko á run. Ọ̀rọ̀ ò ṣàìtó, òfin ni wọn ò mú lò. Ìjọba àpapọ̀ lọ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ kúnná ní Àbújá lóṣù Kìíní 2024 kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tà. Kí ló wá dé tí wọn ò lè kó àwọn tó ń gbin kòkó sínú igbó erin jáde?

ÀgbẹKòkó_Ondo

Ọ̀gá Lẹ̀kí, ẹ wá jókòó létí títì wa lóru ọjọ́ kan, kí ẹ máa ka ọkọ̀ gẹdú tó ń jáde. Tírélà gbàǹgbà ni wọ́n. Àgbẹ̀ wo ló ní tírélà? Ẹni tó ní in kì í wá síbi àsọyé abúlé, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ jókòó nínú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ amúlétutù yẹn.

Ẹ̀fúùfùLẹ̀kí

Ìyẹn ti di èébú.

Alábòójútó

Ó tó. Ìbéèrè tíṣà la fẹ́ dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó gba inú àpótí ìkọ̀kọ̀ lọ.

AdéHamburg

Ẹ kú ìjókòó o. Jámánì ni mo wà, ìwé ẹrù kòkó ni mò ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ mi ní èbúté Hamburg. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ohun kan níbí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo máa fi ṣí ọ̀rọ̀ bó bá jẹ́ èmi ni tíṣà.

Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan lọ́dún 2023. Ó kan kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, màlúù àti pákó. Ohun tó sọ ni pé bí wọ́n bá gbin kòkó sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó orí rẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020, kòkó náà ò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ó tún ní ẹsẹ̀ kejì tí àwọn èèyàn kì í sábà kà: wọ́n gbọ́dọ̀ gbìn ín lọ́nà tó bá òfin ilẹ̀ tó ti wá mu. Nítorí náà, kòkó inú igbó ọba lè kọsẹ̀ níbẹ̀ pàápàá bó bá ti pẹ́ ju 2020 lọ. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn tó ń ràjà náà sì ń fi ìyẹn tu ara wọn nínú. Wọn ò sún ọjọ́ 2020 o. Apá ńlá nínú kòkó Nàìjíríà ló sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí.

Ẹ wá wò ó: ẹni tó gé igbó lónìí láti gbin kòkó, ó di bí ọdún mẹ́ta, mẹ́rin kó tó ká èso tó nítumọ̀. Nígbà yẹn, ta ló máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀, iye wo ló sì máa rà á? Ọ̀rọ̀ àpò ni ẹ máa bá wọn sọ yìí.

TíṣàBàọ́

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ nípa òfin yẹn fìrí lórí rédíò, n kò mọ̀ pé ó kan ẹni tí oko rẹ̀ ò ju éékà mẹ́ta lọ. Báwo lẹni tó wà ní Hamburg ṣe máa mọ ibi tí kòkó inú àpò kan ti wá?

AdéHamburg

Ẹni tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí GPS, ètò inú fóònù tó ń fi ibi téèyàn wà hàn, ṣe kà á. Oko tí kò tó hẹ́kítà mẹ́rin, ojúàmì kan ṣoṣo tó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ rìn yí ààlà oko po kí àwòrán rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á wá gbé e lé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, wọ́n á wo bí ibẹ̀ ṣe rí ní ìparí ọdún 2020 àti bó ṣe rí nísinsìnyí. Fóònù lásán ń ṣe é, kò dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ.

ÀgbẹKòkó_Ondo

Haa! Ṣé òun ni wọ́n ń ṣe? Ọmọ kan tí ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa rán wá ń fi fóònù rìn yí oko ká lọ́jọ́ kan, kò sọ ìdí. Owó orí la rò pé wọ́n fẹ́ gbà, ìdajì àdúgbò ló sá wọgbó. Ilẹ̀ bàbá mi ò sí nínú igbó ọba, ọjọ́ orí kòkó ibẹ̀ ju tèmi lọ. A jẹ́ pé èrè ló máa jẹ́ fún mi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀! Ìyẹn ni àsọyé. Ẹni tó bá wá sọ ìyẹn, màá gbé àga fún un.

Aṣọ́gbóTẹ́lẹ̀

Ẹ rọra yọ̀. Ní Ondo tiyín, ìròyìn ayọ̀ ni. Inú igbó ọba gan-an ni tíṣà ń lọ. Bó bá dúró níbẹ̀ tó ní "kòkó yín ò ní tà mọ́", ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n gbé e lọ da pọ̀ mọ́ ti ẹni tí oko rẹ̀ mọ́. Igbó ò jèrè, oníṣòwò tó jẹ́ olóòótọ́ á tún wọ gàù.

Tíṣà, kí ẹ tó lọ, ẹ wádìí irú abúlé tó jẹ́. Àwọn abúlé kan wà nínú igbó náà tí ìjọba mọ̀ tí wọ́n sì fún ní ààlà láti ìgbà pípẹ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé àná àná yìí ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá àwọn àkọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n má kọjá ààlà wọn, kí wọ́n fi igi ńlá sílẹ̀ sáàrin kòkó, kí wọ́n tún kòkó ogbó gbìn dípò kí wọ́n wọ igbó tuntun. Àwọn kejì, kì í ṣe tíṣà ló máa yanjú tiwọn. Ẹ má ṣèlérí fún wọn.

ÌyáEléwé

Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń sọ kòkó láti àárọ̀. Ṣé kòkó nìkan ló ń ti inú igbó jáde ni?

Ewé gbódògì ni ìyá mi fi tọ́ wa. Abẹ́ igi ńlá ló ń hù, níbi tí ilẹ̀ bá tutù. Bí oòrùn bá ti kanlẹ̀, ó tán. Ìgbín ńkọ́? Òro tí à ń fọ́ kóró rẹ̀ gba ààpọn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òro tó wà nínú igbó, erin ló gbìn ín. Ó ń gbé èso mì, ó ń rìn jìnnà, ó ń yàgbẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ̀lú ajílẹ̀ lórí. Ìyá tó ń ta ààpọn lọ́jà kì í ṣe ọ̀tá erin, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ fún un rí.

Àmọ́ ìyá náà ò ní sí níbẹ̀, mo ti ń sọ fún yín. Agogo méjì ọ̀sán làwọn alásọyé fẹ́ràn. Ta ló fẹ́ gbé igbá ọjà sílẹ̀ lágogo méjì? Àwọn ọkùnrin ló máa jókòó, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á délé, wọn ò ní sọ nǹkan kan fún ìyàwó.

Wangari Maathai, ọmọ Kẹ́ńyà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2004, ẹ wo bó ṣe ṣe é. Láti 1977 ló ti ń bá àwọn obìnrin abúlé ṣiṣẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ igi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n ló gbọ́: igi ìdáná ti jìnnà, omi ti ń gbẹ, oúnjẹ ọmọ ò tó. Ibẹ̀ ló ti wá kan ìgbìn igi. Owó díẹ̀ sì wà lórí igi kọ̀ọ̀kan tó bá yè. Mo ní tó bá yè o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn rì mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò, bí àwọn òṣèlú wa ṣe máa ń ṣe.

TíṣàBàọ́

Ìyá, ẹ ò ní rí ìbànújẹ́. Màá bá alága sọ̀rọ̀ aago lónìí. Ti òro àti erin yẹn, mo ń kọ́ ọ ní kíláàsì lọ́dọọdún, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọbẹ̀ ni mò ń sọ.

Yínká_Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa kún un, torí mo rí i pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn tó ń gbé nínú igbó nìkan ló yẹ kí wọ́n gbọ́ àsọyé.

Igbó Ọ̀ṣun tó wà ní Òṣogbo, nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni. Àwọn abọ̀rìṣà, ààfin, àti Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger tó ti Austria wá, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́, ló jẹ́ kó kù. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìní orílẹ̀-èdè lọ́dún 1965, UNESCO gbà á wọlé lọ́dún 2005, Àdùnní jáde láyé lọ́dún 2009. Nínú igbó yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ pẹja, ẹ ò gbọdọ̀ gégi, ẹ ò gbọdọ̀ dọdẹ. Gbogbo Òṣogbo ló mọ̀ ọ́n, kò dìgbà tí wọ́n bá pe ìpàdé.

Ẹ wá wo odò fúnra rẹ̀. Omi tó máa ń mọ́ ti di pupa bíi tíì oníwàrà, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà lókè odò. A pa gbogbo èèwọ̀ mọ́ nísàlẹ̀, wọ́n da ẹrẹ̀ lé wa lórí láti òkè. Lóṣù Kẹjọ bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, omi yẹn náà làwọn èèyàn á wá bù. Àwọn tó yẹ kó gbọ́ àsọyé kì í ṣe ará Òṣogbo. Ẹni tó ń fúnni níwèé àṣẹ láti wa ilẹ̀ ni, àti ẹni tó ń dijú bí wọ́n bá ń wà á láìníwèé.

Nítorí náà, tíṣà, lókè odò tiyín, ta ló wà níbẹ̀? Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé gẹdú? Ẹ pe ẹnì kan láti ọ́fíìsì wọn wá jókòó. Ẹ má fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn o! Kó kàn jókòó, kó gbọ́.

Aṣọ́gbóTẹ́lẹ̀

Hmm. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, mo sì gbà á. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, a máa ń lọ báwọn ará abúlé sọ̀rọ̀. N kò rántí ìgbà tí wọ́n ní ká jókòó kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀fúùfùLẹ̀kí

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò tíì yí ohùn padà lórí òfin, àmọ́ mo gbà pé orí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí tíṣà bá nílò owó ọkọ̀, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

ỌmọỌdẹ

Àwọn ọdẹ lẹ gbàgbé. Ó dà bíi pé ẹ̀rù wọn ń bà yín.

Bàbá mi pa ẹran títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì, kò yìnbọn sí erin rí, ó sì mọ oríkì erin ju orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ọlọ́wọ́ kan tí í fa ọ̀pẹ tu. Ì bá lọ́wọ́ méjì, ì bá fa ọ̀run ya bí aṣọ. Ẹ wá ẹni tó lè sun ìjálá lágbègbè yẹn kó ṣíde fún yín. Ènìyàn á ti jókòó kí ẹ tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn ọdẹ ní gbangba pé ẹran wo ni bàbá wọn máa ń rí tí wọn ò rí mọ́. Àwọn fúnra wọn á kà á tán. Tíṣà ò ní láti dárúkọ ẹranko kankan.

Ti erin tó ń jẹ oko, ohun kan wà tí wọ́n ń ṣe ní Kẹ́ńyà, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Lucy King ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ń so ilé oyin yí oko ká, bíi mítà mẹ́wàá síra wọn, wáyà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí erin bá fara gbún wáyà, àwọn ilé oyin á mì, oyin á tú jáde. Erin bẹ̀rù oyin gan-an, torí ó máa ń ta á nínú ọwọ́ ìjà rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Àgbẹ̀ á tún rí oyin tà. Erin pápá ni tiwọn, igbó tiwa dí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti dájú. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan níbẹ̀ fẹ́ dán an wò létí oko kan.

ÀgbẹKòkó_Ondo

Oyin dára. Àna mi ti máa ń fa oyin tẹ́lẹ̀. Màá ní kó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi fi í sọ́kàn.

TíṣàBàọ́

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni, kí ọjà tó kún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó. Abúlé náà wà lára àwọn tí ìjọba mọ̀, Bàbá, mo béèrè. Ààlà rẹ̀ wà nínú ìwé, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ò tíì rí ìwé náà rí. Alága máa gbé e wá. Mo ti fa ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ya. Ogún ìṣẹ́jú ni mo máa lò: òfin kòkó ti Yúróòpù, ààlà abúlé, òro àti ewé, ó parí. Ogún tó kù jẹ́ tiwọn. Ẹni tó ń ra kòkó níbẹ̀ ti gbà láti fi fóònù han gbogbo èèyàn bí wọ́n ṣe ń ya oko, kó sì sọ ìdí rẹ̀ lójú ayé. Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì igbó pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá, wọn ò tíì fèsì.

AdéHamburg, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ òfin yẹn ní ojú ìwé kan ní Yorùbá tó rọrùn, kí n lè tẹ̀ ẹ́ pín.

AdéHamburg

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ máa rí i gbà. Ìwé kan ṣoṣo, lẹ́tà ńlá.

Aṣọ́gbóTẹ́lẹ̀

Mo mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn, ọmọ iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Màá pè é lálẹ́ yìí. Màá sọ fún un kó má wọ yúnífọ́ọ̀mù.

TíṣàBàọ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó ku ti oníjàálá. A ti rí bàbá kan, ohùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n owó tó pè ju owó ọkọ̀ mi àti ìwé tí mo fẹ́ tẹ̀ lọ. Alága ń bá a ná an lọ́wọ́.

ỌmọỌdẹ

Ẹ san án fún un. Bí wọ́n bá fún tíṣà lówó, ṣé kò ní gbà?